Pẹ́pẹ́yẹ Odò Ni, Kì Í Ṣe Sìdí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìrọ́jú. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo kí gbogbo agbolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà ọyẹ́ tí Ràsákì àbúrò mi ti kú, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ yẹn lọ́jà Sábó, mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Òjò nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn ní Ìwáyà níbí.

Màmá, nítorí Sìdí ni mo ṣe kọ̀wé. Òun tó jẹ́ opó Ràsákì ló ra adìẹ wá láti Mushin fún fídáù ogójì ọjọ́. Nígbà tí àwọn adìẹ yín wá ń kú, Ìyá Kúdí ará ilé kejì ní Sìdí ti pa ọkọ tán, adìẹ ló kàn. Ẹ sì ní kí Sìdí máa lọ. Gbangba ni wọ́n ti dójú tì í, ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn.

Àwọn dókítà ẹran tó wá nígbà náà fi òwú nu ọ̀fun àwọn òkú adìẹ. Wọ́n nu ti pẹ́pẹ́yẹ odò méjì tí Láísì ọdẹ, ọ̀rẹ́ Ràsákì, fi bá yín kẹ́dùn pẹ̀lú. Ibi àyẹ̀wò tí mo ti ń fọ ìgò ní Yábàá ni wọ́n kó òwú náà wá. Ọ̀sẹ̀ yìí ni èsì jáde. Dókítà wa obìnrin ní fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tó ń fa lúkúlúkú tó pa adìẹ yín, pọ̀, ó sì ní ìdílé bíi tiwa. Àbùdá wọn ni àwọn ń kà kí àwọn tó mọ èyí tó bá èyí tan. Mo bi í bóyá ó ní oríkì pẹ̀lú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn nìkan ló kù. Ó ní èyí tó pa adìẹ yín àti èyí tó wà lára pẹ́pẹ́yẹ wọ̀nyẹn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Èyí tí àwọn rí lára adìẹ ọjà Mushin, ìdílé mìíràn ni. Ó ní ẹyẹ odò lè gbé e kiri láìṣàìsàn rárá.

Mo mọ ìdí tí ẹ kò fi pa wọ́n jẹ. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ Ràsákì ni wọ́n ti wá, ẹ dà wọ́n mọ́ adìẹ yín, ẹ ń tọ́jú wọn bí àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá gbé ìbínú náà lé Láísì lórí. Ìfẹ́ ló fi mú wọn wá.

Ọ̀dọ̀ mi ni Sìdí wà. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ Ràsákì lórúkọ nínú yàrá tí mo háyà. Mo ní kí ó pè yín, ó ní ẹni tó lé òun ló máa pe òun. Àmọ́ bí fóònù mi bá ti dún, á sáré nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, á padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí kí ẹ fọwọ́ yín gbé ọmọ náà. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí Láísì, ẹ kí Ìyá Kúdí pàápàá. Mi ò ní pa fóònù mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àmínátù