Wákàtí Méjì Lórí Ìkọ́

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Màmá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì? Ara mi dá ṣáṣá. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí látòkè délẹ̀ bí mo ti ṣèlérí. Níbi tí ẹsẹ̀ mi bá ti yọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí dìde.

Èsì yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti kọ̀wé sí yín pé bí Jésù kò bá lè dẹ́ṣẹ̀, eré lásán ni ìdánwò tí Sàtánì gbé ka iwájú rẹ̀ nínú aginjù. Ìlà kan péré lẹ fi dá mi lóhùn: “Ọmọ mi, ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àti ẹni tó rù ú délé, ta ló mọ bó ṣe wúwo tó?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ kàn fi òwe lé mi lọ ni. Mi ò mọ̀ pé lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni ọ̀rọ̀ náà máa wá ká mi mọ́ ibi iṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé a máa ń rán aṣọ kanfáásì olókùn mẹ́rin, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbé aláìsàn tí kò lè dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́, ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Aṣọ tí a bá rán tán, a ó gbé e kọ́ sórí ìkọ́ irin, a ó kó àpò iyanrìn sínú rẹ̀ títí yóò fi wúwo tó èèyàn méjì, yóò sì wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Lẹ́yìn náà la ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò ká tó lu òǹtẹ̀ sí i. Láti oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni òǹtẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Awakọ̀ wa, Má-Dúró, wá gbé aṣọ kan tó ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ìyá kan wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Aṣọ tí wọ́n fi ń gbé e ti gbó, ó sì ti di ọjọ́ kẹrin tó ti nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Tuntun tiwọn ò tíì lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí ìkọ́. Má-Dúró wo àpò iyanrìn, ó wò mí, ó ní, “Àbúrò, ṣé iyanrìn ló fẹ́ lọ jókòó létí fèrèsé ni, àbí màmá arúgbó? Ìwọ náà kọ́ lo rán an ni? Àbí ọwọ́ ẹ ò dá ẹ lójú?”

Màmá, àánú ni ìdánwò náà gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Kò sẹ́ni tó ní kí n jalè. Búrẹ́dì ni Sàtánì náà kọ́kọ́ fi lọ Jésù. Kí ló burú nínú kí ẹni tí ebi ti ń pa láti ogójì ọjọ́ jẹun? Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe àánú nìkan. Mo fẹ́ kí Má-Dúró máa ròyìn pé ọwọ́ mi yá. Mo kó iyanrìn kalẹ̀, mo kọ “wákàtí méjì” sínú fọ́ọ̀mù, mo lu òǹtẹ̀. Ó gbé e lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo ṣe lu òǹtẹ̀ tán, ìdánwò náà dákẹ́ lọ́gán. Kò rọ̀ mí mọ́, kò fà mí mọ́. Ohun tí ì bá sọ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí ní wákàtí kan àbọ̀, mi ò lè gbọ́ ọ mọ́ láé, torí mo ti gbà fún un. Orí àga níwájú ìkọ́ òfìfo yẹn ni òwe yín ti kàn mí láyà. Jésù ò sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tí ìdánwò ní lẹ́nu ló sọ fún un tán, títí dé inú ọgbà níbi tó ti ń gbàdúrà tó ń làágùn, títí dé orí igi, níbi tí wọ́n ti ní kó sọ̀ kalẹ̀ bó bá tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo jẹ́wọ́. Mo ti gbà pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kò pariwo; bóyá eyín ni kò jẹ́. Ó ní, “Wọ mọ́tò.” Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì ti tẹ́ aṣọ náà sábẹ́ ìyá tíṣà, wọ́n ń fi okùn rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbéni sókè lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró, mo sì fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Ìyá tíṣà nawọ́ sókè. Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń ka igi àjà yìí, mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Ó wá di ọjọ́ karùn-ún.” Ojú tì mí. Ó tún ní, “Ó dáa, máa gbé e lọ. Mo ti na àwọn ọmọ tó parọ́ rí, mi ò tíì na èyí tó wá jẹ́wọ́.”

A tún gbé e kọ́. Wákàtí méjì pé, òwú kan ò tú. Má-Dúró bú sẹ́rìn-ín: “Aṣọ tí kò ní ya, kí lẹ tún gbé e kọ́ fún? Wàhálà lásán.” Màmá, ìbéèrè mi gan-an ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ìyá Abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ tẹ ojú rírán lọ. Ó ní, “Torí pé kò ya, iyanrìn yẹn wá fúyẹ́? Èyí tó bá já ní ogún ìṣẹ́jú ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Èyí ló gbé gbogbo ẹ̀. Ìdí tí màmá fi lè fara lé e nìyẹn.”

Mo mọ̀ pé aṣọ ni aṣọ, Olúwa ni Olúwa. Ebi kì í pa kanfáásì, kì í sì í sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní eré mọ́. Kò sí ohun kan nínú Jésù tó dá ẹ̀ṣẹ̀ lóhùn pé “hẹn” nígbà tó ké sí i, síbẹ̀ ebi tó pa á, ebi ni. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹni tí kò ṣubú rí kò lè mọ bó ṣe ń ṣe mí. Ẹni tó ṣubú bíi tèmi gan-an ni kò mọ̀ ọ́n dópin. Alábàáṣubú kọ́ ni mo sì ń wá, ẹni tí mo lè fara lé ni.

Lánàá, a gbé aṣọ náà padà. Ìyá tíṣà jókòó létí fèrèsé, ó béèrè fún kóòmù. Ìyá Abẹ́rẹ́ ò lé mi, ṣùgbọ́n ó gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n jókòó ti ìkọ́, kí n sọ fún un bí àkókò bá pé. Ó dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Dádì. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ fún un.

Olúwa yóò fún orúnkún yín lágbára, ojú yín ò ní ṣú, ẹ óò jẹ èrè gbogbo ọmọ tí ẹ kọ́. Ẹ máa fi mí sínú àdúrà.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín tó kéré jù,
Àbíkẹ́yìn

Mo gbàgbé èyí: láàárọ̀ òní, Ìyá Abẹ́rẹ́ ké sí mi láti yàrá inú pé, “Ó ti pé?” Ìṣẹ́jú méje ló kù, kò sì sẹ́lòmíì tó ń wo aago. “Ó ti pé” ti dé orí ahọ́n mi, Màmá. Mo ní, “Ó ku méje, mà.” Mo jókòó. Ìṣẹ́jú méje náà gùn.