Bátìrì Tó Ń Mí Nínú Etí Ìyá Rẹ

Abúlé Aráròmí,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, 1993.

Mùíz ọmọ mi ní Sùúrùlérè,

Bátìrì ni iná tí wọ́n dì sínú páànù kékeré, tí wọ́n dé lórí kí ó má baà dà nù, tí yóò sì máa jò jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ohunkóhun tí a bá fi í sí títí yóò fi tán. Mo kọ ìyẹn síwájú ìkíni nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni lẹ́tà yìí, mi ò sì fẹ́ kí o ṣì mí gbọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé òjò kò tún wọlé bá yín bíi ti èṣí? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣe kòńgẹ́ aburú nínú èrò tó pọ̀ tó yẹn. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ò fẹ́ mu ọmú, aṣọ òfì tí ìmáàmù ní kí n hun sì ti kù díẹ̀ kó parí.

Ẹ̀rọ tí o rà ní Yábàá fún etí ìyá rẹ dé ọwọ́ wa láyọ̀. Saidat àbúrò rẹ ló fi sí i létí gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ń hunṣọ lọ́wọ́. Ìyá rẹ dúró lójijì, ó ní ṣé bí òfì mi ṣe ń pariwo tó nìyí láti ọdún mẹ́wàá. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Baba Mùíz, ohùn yín ti di ti arúgbó.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ní láti jáde lọ wo ewúrẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní wàhálà tirẹ̀ o. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nípa ọbẹ̀ ìyá rẹ níwájú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ kejì mo sọ ọ́ bí ìṣe mi, ó gbé àwo kúrò níwájú mi, ó ní kí n ka iye ìgbà tí mo ti sọ irú rẹ̀ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń wá bá a bó ẹ̀gúsí náà ti kọ́gbọ́n, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wá ń lọ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, bátìrì. Mẹ́fà ni o fi ránṣẹ́, ìkọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Rédíò mi ń jẹ mẹ́rin tó tóbi bí orí ọmọ odó, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹyọ àgbàdo kan yìí sì ń kó gbogbo ariwo agboolé wọ inú orí ènìyàn. Mo yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Mo rí i pé wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rò pé irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tuntun ni, tí kò yẹ kí ènìyàn fi jáde. Mo yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. O sì mọ̀ pé nílé wa, bátìrì tó bá ti ń rẹ̀ là ń sá sóòrùn kí agbára rẹ̀ padà. Mo wá rò ó pé bí a bá sá èyí tí kò tíì rẹ̀ rárá, agbára rẹ̀ yóò ju ti ẹni tó ṣe é lọ. Ọ̀kan wà létí ìyá rẹ; mo to márùn-ún yòókù sórí àtẹ, mo ń yí wọn padà láràárọ̀, mo sì ń lé adìẹ, odindi ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí èyí tó wà létí tán, a fi èkejì sí i. Ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó kù ò tilẹ̀ dún. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó bọ́ ẹ̀rọ náà, ó nù ún, ó dì í sínú ìborùn rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu wa.

Mo kó wọn lọ bá Nọ́ọ̀sì Gertrude ní ilé ìwòsàn. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé irú tuntun ni èyí, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Ihò tíntìntín wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ihò imú, bébà yẹn ló dí i. Láti ọjọ́ tí a bá ti yọ bébà ló ti ń mí, ìbáà wà létí, ìbáà wà lórí àtẹ, oòrùn sì ń gbẹ omi inú rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo délé, mo fi ẹ̀kọ tí mo fi ń mú òwú le lẹ bébà wọn padà sí imú wọn, mo kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù kí ara wọn tutù. Wọn ò jí. Nọ́ọ̀sì ní èyí tó bá ti mí tán ti mí tán.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí. Sátidé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wòlímọ̀ Saidat. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ibà yẹn dí etí ìyá yín. Ìyá yín ò tíì gbọ́ kéwú lẹ́nu rẹ̀ rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí etí rẹ̀ fi là, Saidat fẹ́ kà á fún un, ó ní rárá, òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, níwájú gbogbo ènìyàn. Ohun tó fi pamọ́ dè ni mo lọ sá sóòrùn.

Jọ̀wọ́, ra méjì péré níbi tí o ti ra ti àkọ́kọ́. Fi owó ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì kún un, nítorí ó ní òun fúnra òun ni yóò wá fi sí i létí, kí n má fọwọ́ kàn án. Bu owó ìrẹsì wòlímọ̀ díẹ̀ sí i, ìwọ̀n tí agbára rẹ bá ká. Kí o sì bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ní irú tí kì í mí, nítorí kò wù mí kí ohun ẹlẹ́mìí máa kú sínú etí ìyàwó mi.

Ohun rere ni etí tìrẹ yóò máa gbọ́. Àwọn ọmọ tí o bá bí yóò ná owó lé ọ lórí bí o ti ń ná an lé wa lórí, ọwọ́ rẹ ò sì ní ṣófo. Ìyá rẹ kí ọ, kí o bá wa kí ìyàwó.

Abọ́dúndé awakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá. Yóò dúró dè ọ́ ní Jíbówú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, láago méje àárọ̀. Fi òwú wé bátìrì náà, kọ orúkọ ìyá rẹ sára páálí, má sì yọ bébà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí Abọ́dúndé bá ní òun fẹ́ rí i, kí ó wo páálí.

Èmi ni baba rẹ,
Tìrìmísíyù Ahunṣọ.