Ẹ Yọ Ìyàwó Mi Kúrò Nínú Ìwé Màlúù

Oko Haugen,
Òpópónà Tamarack,
Elk Hollow, Wisconsin.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ibùdó Àpapọ̀ Àkọsílẹ̀ Ìpínlẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ BÍ Ẹ ṢE SỌ LORNA HAUGEN MÉJÌ DI Ẹ̀YỌ KAN

1. Lorna Haugen ni ìyàwó mi láti ọdún mọ́kàndínlógójì. Lorna Haugen náà ni màlúù mi, ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń fún wa ní wàrà jù lọ. Àwa tí ń sin màlúù níhìn-ín, a máa ń fi orúkọ oko kún orúkọ màlúù nínú ìwé ìjọba. Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́ ní Lorna. Ìyàwó mi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan Ibùdó yín.

2. Ní oṣù tó kọjá, ẹ kó ìwé ẹran ọ̀sìn, ìwé awakọ̀ àti ìwé ilé ẹjọ́ pọ̀ sójú kan. Ẹ bá orúkọ kan náà nínú ilé kan náà, ẹ sì pa wọ́n pọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni.

3. Ilé ẹjọ́ wá pe màlúù mi kó wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú tí ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́. Ẹ gba ìwé ìwakọ̀ ìyàwó mi, ẹ ní ọmọ ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ wakọ̀. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, dé, ó ní òun ń wá Lorna. Mo ní ó wà ní ilé ìdáná. Ó wọlé lọ bá a tòun ti irin tí wọ́n fi ń lu etí màlúù láti fi nọ́mbà ìjọba kọ́ ọ.

4. Ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó ní, "Orrin, títí ìjọba á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn ni mí, kí Lorna kejì máa se oúnjẹ fún ẹ!" Ọjọ́ kọkànlá rèé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì la jọ máa ń lọ jẹ ẹja díndín ní gbọ̀ngàn ìlú. Ẹtì méjì ti kọjá, búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni mò ń jẹ. Àárò rẹ̀ ń sọ mí ju ti ẹja lọ.

5. Mo tẹ̀ yín láago. Wọ́n ní Lorna Haugen fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọjú kí wọ́n tó tún ìwé náà ṣe. Ìyàwó mi ní òun kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni kó tó gbà pé èèyàn ni òun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, kí ilé-iṣẹ́ ìjọba máa sọ̀rọ̀ wa láàárín ara wọn, kò burú, àmọ́ kí wọ́n máa bi wá pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ lẹ́tà kan péré sí ìyàwó mi pé èèyàn ni. Bí n kò bá gbúròó yín títí Ọjọ́bọ̀, Lorna tó kù nílé ni n óò mú wá. Ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, torí ti iwájú kò lè gbà á.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín tó ń retí aya rẹ̀,
Orrin Haugen,
Olóko, ọkọ Lorna Èèyàn.