Wọ́ọ̀dù Kẹsàn-án Jẹ́ Méjì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ, kò ní jẹ́ kí ojú ẹ rí irú ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá ẹ ń kí ẹ, ewúrẹ́ wa ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná sì ti ń jò, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Ìwọ lo sọ lórí fóònù pé kí n má bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi gé gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi lọ́dọ̀ ẹ lọ́hùn-ún, pé kí n ra fíìmù Wọ́ọ̀dù Kẹsàn-án, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn ní ọsibítù. Mo dé ọ̀dọ̀ onífíìmù, ó ní méjì ni, pé orúkọ ló bára mu, wọn ò bára tan rárá, kí n mú ọ̀kan. Mo ní báwo ni wọ́ọ̀dù kan ṣe máa jẹ́ méjì. Ó ní òun kàn ń tà á ni. Mo bá kó méjèèjì.

Háà, ọmọ mi, ẹnu yà mí. Ní wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, dókítà la ikùn bàbá kan sílẹ̀, ó bá bọ́ síta, ó ń bá ìyàwó ẹ̀ jà lórí fóònù. Nígbà tó padà dé, ó rán ikùn náà, kò ta kókó sí ìdí òwú. Èmi aránṣọ, mo figbe ta títí bàbá ẹ fi sáré wọlé. Bàbá ẹ náà bá dókítà yẹn wí, kò tiẹ̀ dá a lóhùn. Bàbá tí wọ́n la ikùn ẹ̀ yẹn kú. Àyà mi já débi pé mo tú ẹrù tí mo ti dì, mo ní kí gẹ̀gẹ̀ máa bá mi gbé, ó kúkú ti mọ́ mi lára.

Wọ́ọ̀dù kejì wá yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀rín ni dókítà ibẹ̀ máa ń rín, ẹni tí wọ́n gbé wọlé ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde. Bàbá ẹ ní kí n tètè kọ̀wé sí ẹ pé kejì la mú, kí wọ́n tó lọ kọ orúkọ mi sí ti àkọ́kọ́.

Mo ti mú bírò kí n tó rántí nǹkan kan. Ní wọ́ọ̀dù dáadáa yẹn, kò sí ẹbí tó jókòó ti aláìsàn. Ìyá àgbàlagbà kan jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wọ̀tún wòsì, ògiri ló rí. Ṣùgbọ́n ní ti burúkú yẹn, ọmọ bàbá náà di ọwọ́ ẹ̀ mú láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ kí n lajú kí n má rí ẹ, ìyẹn ló ń já mi láyà jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn ẹ́, ohùn ẹ nìkan ni mò ń gbọ́. Tí o bá máa jókòó tì mí, kí wọ́n gbé mi sí wọ́ọ̀dù tó bá wù wọ́n. Tí o ò bá ní ráyè, mi ò wá o.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e fún òrùlé yẹn. Mò ń mú abẹ́rẹ́ àti òwú tèmi bọ̀, kí dókítà má lọ sọ pé òwú ò tó ta kókó.

Ọwọ́ tí o máa fi di tèmi mú, kò ní ṣófo láéláé. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ, tó ti tún ẹrù ẹ̀ dì.