Aago Yín Tó Sọnù ní Sharjah

Bàbá mi, tíṣà mi àkọ́kọ́,

Sharjah, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ Bọ́lá, ọmọ mi. Ooru ibí le débi pé ẹ ò lè wọ kóòtù yín níbí. Irọ́ ni, ẹ máa wọ̀ ọ́.

Bàbá, aago ọwọ́ yín tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi sọnù. Èyí tí ẹ máa ń wò kí ẹ tó lu agogo àsẹ́ńbìlì, tó kú, tí ẹ ṣì ń wò bí ẹni pé ó ń dá yín lóhùn. Orí fèrèsé yàrá mi ni mo gbé e sí. Àwọn oníṣòwò mẹ́ta láti Èkó ló dé sọ́dọ̀ wa, wọ́n ń ra ọjà ní Deira, àdúgbò ọjà tó wà nítòsí ibí. Èmi ni mo kọ́ ọ̀kan nínú wọn, Sùnkànmí, ní praimárì.

Mo wá rántí ọgbọ́n yín. Bí nǹkan bá sọnù ní kíláàsì, ẹ máa kó gbogbo wa síta, ká máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ká ti ilẹ̀kùn. Bí ẹni ìkẹyìn bá fi máa jáde, nǹkan ọ̀hún á ti wà lórí tábìlì. Ẹ ò béèrè ta ni rí. Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan, onítáì gígùn, wá ọgbọ́n yìí títí nínú sílábọ́ọ̀sì, kò rí i. Nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìwà kúrò lórí táìmùtébù, tí wọ́n fi àpérò lórí ẹ̀kọ́ ìwà rọ́pò rẹ̀, mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì tèmi. Sùnkànmí gan-an gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá.

Láàárọ̀, mo sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé bí wọ́n bá ti Deira dé, wọ́n máa wọ yàrá mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Tíṣà, ẹ ò tíì fẹ̀yìn tì o! Ṣé ká wọ yunifọ́ọ̀mù ni?” Sùnkànmí nìyẹn.

“Màámi, khalas! Ó tó! Aago tí kò ṣiṣẹ́!” Bọ́lá nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n wọlé lóòótọ́, àwọn àgbà tó lọ́mọ nílé, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo wọlé, aago wà lórí tábìlì. Tuntun ni, nínú páálí, ó ń dán yanran. Kì í ṣe tiyín.

Ta ló rà á, Bàbá? Ṣé ẹni tó mú tiyín, tó ti jù ú nù nígbà tó rí i pé kò ṣiṣẹ́ ni? Àbí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí àánú mi ṣe? Mi ò béèrè. Wọ́n ti padà sí Èkó. Mo ṣàdúrà fún gbogbo wọn. Ojú ẹni tí mo kọ́ ni mo wò pẹ́ jù. Ìyẹn ń dùn mí.

Tiyín ni mo fẹ́. Awọ rẹ̀ ṣì ń rùn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ yín.

Iṣẹ́ yìí, Bàbá, mi ò mọ bí mo ṣe máa máàkì ẹ̀. Aago tuntun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mò ń gbọ́ ọ nínú páálí. Mi ò tíì lè wọ̀ ọ́. Mo palẹ̀ orí tábìlì mọ́, mi ò sì ti ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kù tó máa wọlé.

Ọmọ yín, tó ṣì dúró síta kíláàsì yín.