Ọwọ́ Tí Ẹ Gbọ́ Nínú Àwo Yẹn Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Jos níbí. Màámi, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú ọkọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ bá mi ka èyí sí Bàámi létí, kí ẹ má fo ìlà kankan.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí mi. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní ẹ gbé àwo orin ẹgbẹ́ wa sí ẹ̀rọ, ẹ pe àwọn ará ìjọ wá sílé, ẹ ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ gìtá béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ orin. Ẹ ní ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà ọ̀dọ́, ẹ mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ ọmọ yín ni, ẹ sì súre fún ọwọ́ náà. Bàámi, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ojú gbogbo ìjọ lẹ ti sọ ọ́, ojú gbogbo ayé ni èmi náà á ti tún un sọ.

Tíṣà ni ìjọba fi mí ṣe nígbà tí wọ́n rán mi wá síbí. Nígbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí mo gbé gìtá, ìlà kan ṣoṣo lẹ kọ sí mi, pé ẹ kò bí alágbe. Láti ìgbà náà, ọyẹ́ Jos ti ya ètè mi lẹ́ẹ̀mẹfà. Yàrá kan ni mo ní ní Laranto. A máa ń lọ ṣeré ní Rayfield fún àwọn ọ̀gá ibi ìwakùsà, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n á máa jẹun. Ìgbà kan wà tí ikọ́ dá mi dùbúlẹ̀ fún odindi oṣù kan, obìnrin ará Bauchi tó wà ní yàrá kejì ló ń se kunu fún mi. Wọ́n ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin sọ tiyín kalẹ̀.

Pam, ọmọ Bírọ̀m, ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wa. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a lọ gba ohùn sílẹ̀ fún àwo, ó ní okùn gìtá mi ti gbó, ó lè já lẹ́nu iṣẹ́, kí n ra òmíràn. Hausa la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wá èyí tí ohùn rẹ̀ ní ɗumi. Hausa ọjà ni tèmi. Mo mọ̀ pé ɗumi jẹ mọ́ ooru, mo bá fi Yorùbá parí ìyókù: ó fẹ́ kó gbóná. Lọ́dọ̀ tiwa, bí orin bá gbóná, ẹsẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́.

Alhaji kan, ará Ìlọrin, ló ń ta okùn gìtá lọ́jà ńlá. Oríṣi méjì ló gbé síwájú mi. Wáyà róbótó ni wọ́n fi wé ọ̀kan, bí mo ṣe ta á báyìí, ó ké gan-an. Wáyà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wé èkejì, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ń kùn lábẹ́lẹ̀. Mo ní èyí ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gàn ni ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa. Bí ògì bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kì í fẹnu kàn án, ẹ máa dá a padà sórí iná ni. Alhaji bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní iṣẹ́ mi ni. Mo ra èyí tó ń ké, mo gé ti àtijọ́ kúrò, mo fi ta obìnrin ará Bauchi lọ́rẹ, ó fi ń sá aṣọ.

Nígbà tí a débi ìgbohùnsílẹ̀, n kò tíì ta á lẹ́ẹ̀mẹrin tí Pam fi dá orin dúró. Ó ní kí ló ń dún bí ṣíbí lórí abọ́. Mo gbéra ga, mo ní ɗumi tó ní kí n wá nìyẹn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, onílù ń pariwo haba, haba. Pam wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, pé zafi ni ti iná, pé ɗumi ni ooru abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lásìkò ọyẹ́. Wọ́ọ́rọ́ tí mo kọ̀ sílẹ̀ lọ́jà gan-an ló ń wá. Ojú tì mí. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lédè!

Àyè kò sí láti padà sọ́jà. Délé, ọmọ Oǹdó tó ń gbé Anglo Jos, tó máa ń jókòó tì wá níbi ìdánrawò títí ó fi mọ orin wa, bá wa wá wòran ni, gìtá béèsì tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn pẹlẹbẹ sì ló wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ kí n yá a. Pam ní ara mi kò balẹ̀ mọ́, òótọ́ sì ni. Délé ló ta á. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń gbọ́ ohun tí mo fi oṣù mẹ́jọ ronú kàn lábẹ́ ìka ẹlòmíràn. Wọ́n ti tẹ páálí àwo ṣáájú ọjọ́ náà, orúkọ mi ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Orúkọ lẹ kà, Bàámi. Ẹ ò gbọ́ ọwọ́ kankan. Báwo lẹ ṣe máa mọ ọwọ́ tí ẹ kò gbọ́ rí? Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba àwo náà lọ́wọ́ mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé ká ní èmi ni mo ta á, tí orúkọ mi kò sí níbẹ̀, ẹ kò ní mọ̀. Inú ń bí mi, síbẹ̀ mo ti ka lẹ́tà yín títí ó fi ya níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ.

Lánàá, Délé wá kí mi. Mo ka ibi tí ẹ ti súre fún ọwọ́ náà sí i létí, pé kò ní rọ, pé kò ní tọrọ jẹ. Bàbá tirẹ̀ kú nílé nígbà tí òun wà ní Jos níbí, kò sí níbi ìsìnkú wọn. Ó ní kí n tún un kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti fi ìre náà sílẹ̀ fún un, n kò ní gbà á padà.

Ó wá ku tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìre òmíràn, kó má jẹ́ fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kó jẹ́ fún ọmọ tí kò ní ohun kan láti gbé sórí ẹ̀rọ fún ìjọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ pẹ́ fún wa. Kó ṣọ́ Màámi, kó ṣọ́ ilé. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìjọ, ẹ kí gbogbo àdúgbò, ẹni tó bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè.

Àwo wà o, àwo kò sí o,
èmi ni ọmọ yín,
Akínwálé.