Omi Àdúrà Lójú Egbò

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ kòkó. Ilé ìwòsàn Èkó tí mo wà dára, ẹsẹ̀ tí mo fi àdá ṣá lóko Aládé náà ń gbádùn. Dókítà fi nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ara kóró kòkó tútù sójú egbò. Oògùn inú rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹran tuntun lè hù.

Mo fi omi àdúrà tí ẹ fún mi fọ egbò náà, gbogbo oògùn náà bá omi lọ. Egbò jẹrà. Wọ́n gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i, kí wọ́n gé ẹsẹ̀. Mo fà á ya! Wọ́n bá tún fi oògùn tó ń yọ̀ náà òmíràn sójú egbò. Omi tó kù, mo ń mu ún.

Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka ẹsẹ̀ mi, kò dùn mí rárá. Akin lọmọ yín!

Ẹ kí Mojọlá ìyàwó mi. Kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní bàtà oko mi. Méjèèjì ni mo máa wọ̀.

Olúwalóṣèyí